Imú Ilé Olúwa: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Adéníran Ìgè, Ẹni Tí Ó Fẹ́ Kí Ilé Máa Mí

Àdúgbò Ùró ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí ooru àpáta ti máa ń bá ènìyàn wọlé lọ́sàn-án, ni a bí bàbá wa ọ̀wọ́n sí, Olóògbé Michael Adéníran Ìgè, ní oṣù Kẹfà ọdún 1938. Joseph Ìgè ni bàbá tí ó bí wọn, àgbẹ̀ oníkòkó tí ó tún máa ń mọ ilé alámọ̀ fún àwọn ará àdúgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀bùn ni orúkọ ìyá wọn, ọmọ bíbí Ìsẹ̀-Èkìtì, obìnrin kúkúrú tí orin ìjọ kì í wọ́n lẹ́nu. Bàbá ni àbíkẹ́yìn wọn.

A ò lè sọ ìtàn Bàbá kí a má sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bánábà Mímọ́ tí ẹ̀yin èèyàn wa jókòó sí lónìí. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ilé bá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ènìyàn lọ nínú ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mú sùúrù. Ẹni tí ó bá mọ Bàbá yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi àwa ọmọ.

Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Lọ́dọọdún, bí Ìkórè bá ti ń súnmọ́, àwọn obìnrin ìjọ a po amọ̀, wọn a sì rẹ́ gbogbo ara ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí alángbá gbẹ́, wọn a dí i. Ibi tí òjò ti jẹ, wọn a dí i. Bí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá parí apá tirẹ̀, a fi ìka mẹ́rin tẹ amọ̀ tútù náà ní igun kan, kí a lè mọ ọwọ́ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà Ìkórè ọdún 1938, ìyá Bàbá wà láàárín àwọn tí ń rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tuntun tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn sì ni Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé Bàbá fúnra wọn gbàgbé rẹ̀ nígbà kan, ó sì dùn wọ́n púpọ̀ nígbà tí a rán wọn létí.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Ìkẹ́rẹ́ ni Bàbá lọ láti ọdún 1945. Lẹ́yìn náà wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn kan lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n yà tí olùkọ́ yìn ni fèrèsé. A gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ohun tí Bàbá fẹ́ràn nínú ilé tó ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Ní ọdún 1963, ìjọba gbà wọ́n sí iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ilé. Iṣẹ́ yìí ni ó gbé wọn dé Emùré-Èkìtì láti wo òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ń jò. Bí Bàbá ti gun àjà lọ ni eruku àti ìtẹ́ ẹyẹ dà sílẹ̀ sórí olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lábẹ́ ibẹ̀. Olùkọ́ náà gbọn orí rẹ̀ nù, ó wo òkè, ó sì fi ohùn Emùré bi wọ́n pé, “Ulé lẹ wá tún ṣe ni, àbí ẹ wá wó o lé wa lórí?” Esther Ọmọ́rìnsọ́lá Adéwọlé ni orúkọ olùkọ́ náà. Bàbá padà lọ wo òrùlé ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún padà lọ, títí àwọn ará Emùré fi mọ̀ pé kì í ṣe òrùlé ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé ara wọn níyàwó ní ọdún 1965. Olùkọ́ náà ni ìyá wa. “Ayàwòrán” ni Màmá ń pe Bàbá láti ìgbà náà, kódà níwájú àlejò, Bàbá sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọkọ rere ni Bàbá, bàbá rere sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún òkú, ojú wọn kì í kúrò lókè. Ibi yòówù kí a bá wọn lọ, òrùlé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ṣe ìgbéyàwó, nínú fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ẹbí wo iwájú, Bàbá ń wo àjà. Màmá sọ fún wa pé láti ọdún 1966 ni àwọn ti dẹ́kun gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Bàbá a máa ṣe àlàyé lọ, Màmá a máa dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Ayàwòrán,” wọn a sì máa ka ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Bàbá wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ wá sílé. Àga kò tó ní ọ́fíìsì tuntun ní Adó, nítorí náà Bàbá gbé àga ìjẹun kan láti ilé lọ. Àga náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1998. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé ní gbogbo àkókò yìí, inú wọn sì dùn pé àwọn lè máa sìn ní ìjọ tí a ti sàmì sí àwọn lórí.

Ní ìgbà òjò ọdún 1997, ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wó. Ọpẹ́ ni pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìjọ pinnu láti kọ́ ilé tuntun, wọ́n sì fi Bàbá ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ dígí yíká, kí a sì gbé fáànù kọ́ sókè, irú èyí tí wọ́n rí ní Àkúrẹ́. Bàbá bi wọ́n pé, “Bí iná bá lọ ńkọ́?” Láti Sátidé ni iná ọ̀hún sì ti lọ.

Ilé tí Bàbá yà ni ẹ̀ ń wò yìí. Ó rí bí abẹ̀bẹ̀, pẹpẹ ni ó wà ní ìdí ọwọ́ rẹ̀, ìjọ sì jókòó fẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jìnnà jù sí oníwàásù. Òrùlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń ga lọ títí dé orí pẹpẹ, kí ooru lè gòkè kí ó sì bá àlàfo òkè jáde. Ní ara ògiri ọ̀tún àti ti òsì, láti ibi àyà ènìyàn dé ibi tí ọwọ́ lè tó, búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n tò sí ibẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí àwọn bíríkìlà pè wọ́n ní ihò. Wọ́n ní imú ni. Ilé tí ó wà lẹ́bàá àpáta gbọ́dọ̀ ní imú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. “Imú ọ̀tún” àti “imú òsì” ni wọ́n kọ sí ara àwòrán, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bíríkìlà sì ń pè é. Àwọn ọmọ ìjọ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Màmá ní tiwọn ti dẹ́kun gbígbọ́ láti ọdún 1966.

Bíṣọ́ọ̀bù ya ilé náà sí mímọ́ ní àkókò Àjíǹde ọdún 2000. Gbogbo ìlú ló yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn a máa fẹ́ omi díẹ̀ gba ara búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí wọlé sórí àwọn tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri, alángbá a sì máa yọjú níbẹ̀ nígbà ìwàásù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé náà kò tíì parí ni, pé dígí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà kan ṣì ń bọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ síta. Láti ọjọ́ tí a ti kúrò nínú ilé amọ̀, àwọn obìnrin ìjọ kò rí ògiri rẹ́ mọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu àga, ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ kò nílò ọwọ́ wọn fún nǹkan kan.

Kí Ìkórè ọdún náà tó dé, ìjọ kan ní Ògòtún ránṣẹ́ pe Bàbá kí wọ́n wá bá àwọn wo òrùlé. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n sọ fún Fíkà wa, Àlùfáà Ọbáfẹ́mi, ẹni tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa, pé kí a dí gbogbo ihò ara ògiri kí Ìkórè tó dé. Ihò tí Bàbá ní lọ́kàn ni àwọn tí bíríkìlà ti igi bọ̀ nígbà tí wọ́n ń gun òkè ògiri, tí wọ́n gbàgbé láti dí nígbà tí iṣẹ́ parí. Ti imú kò sí lọ́kàn wọn rárá, nítorí pé ní ti Bàbá, imú kì í ṣe ihò. Fíkà kéde rẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ gan-an: “Kí a dí gbogbo ihò ara ògiri.”

Àwọn obìnrin gbọ́, inú wọn sì dùn ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ. Ìyá Ìjọ, Màmá Adéfúnkẹ́, tí ó dàgbà jù nínú gbogbo obìnrin ìjọ, gbé àga jáde wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láti máa darí iṣẹ́. Wọ́n jọ yanrìn, wọ́n bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i, wọ́n pò ó rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń po amọ̀, wọ́n sì ń kọrin. Màmá wa ni wọ́n fà síwájú. Màmá rò pé nígbẹ̀yìn, Bàbá ti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn tí òjò ń pa, inú wọn sì dùn pé ọkọ àwọn fetí sí ènìyàn. Àwọn ni wọ́n dí àkọ́kọ́, ní apá ọ̀tún, lókè bẹ́ǹṣì tí àwọn àti Bàbá máa ń jókòó sí. Wọ́n rẹ́ ẹ títí ó fi dán, wọ́n sì fi ìka mẹ́rin tẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo imú ilé náà, lọ́tùn-ún lósì, ti dí pátápátá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìkórè ni Bàbá wọ̀lú láti Ògòtún, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì gbà lọ tààrà. Èrò ti kún. Oòrùn mú àpáta, àpáta mú òrùlé, ilé náà sì gbóná. Àwọn akọrin bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà kan dákú lórí àga, a sì gbé wọn jáde síta kí wọ́n tó lajú. Bàbá wa wo ara ògiri, wọ́n sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Wọ́n ní, “Ta ló dí imú ilé yìí? Iṣẹ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan rèé. Ẹ ti pa ilé Ọlọ́run.”

Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná Màmá. Màmá tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì wo iwájú.

Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, kò sí obìnrin kan tí ó wá gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ó tẹ̀ lé e náà, kò sẹ́ni tó wá. Ìgbẹ́ àdán bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí àga, eruku ọyẹ́ bo pẹpẹ. Fíkà bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní kùtùkùtù nítorí ooru, wọ́n sì gé ìwàásù kúrú, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sọ pé kò burú. Bàbá mú òòlù láti fi la imú kan fúnra wọn, búlọ́ọ̀kù náà sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi òòlù sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tí àwọn fi gbogbo ẹ̀mí àwọn kọ́ lè bàjẹ́ lójú àwọn, kì í ṣe nítorí sìmẹ́ǹtì, bí kò ṣe nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí ó máa tọ́jú rẹ̀ ti kó ọwọ́ wọn kúrò nínú rẹ̀.

Nílé, Màmá kò jà. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń kí Bàbá káàárọ̀, wọ́n ń lọ aṣọ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò pè wọ́n ní Ayàwòrán mọ́. “Bàbá Adédèjì” ni wọ́n ń pè wọ́n, ní orúkọ àkọ́bí wa, bí àwọn aládùúgbò ti ń pè wọ́n. Bàbá bi Màmá lọ́jọ́ kan pé ṣé inú wọn ṣì ń bí ni. Màmá dáhùn pé, “Uhò lẹ pè é. Bí ẹ bá pè é ní umú, ta ni ì bá fọwọ́ kàn án? Ẹ wá pè wá ní aláìmọ̀kan lójú ayé.” Bàbá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn kò rí oúnjẹ ọjọ́ yẹn jẹ.

Ọjọ́ kejì, Bàbá wọ agbádá wọn, wọ́n sì lọ sí ilé Ìyá Ìjọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ já ẹ̀fọ́ ọwọ́ wọn tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, “Adéníran, ẹ̀yìn yèyé rẹ lo wà tí a jọ fi ń rẹ́ ulé Olúwa. Uṣẹ́ tí yèyé rẹ ṣe lo pè ní uṣẹ́ aláìmọ̀kan yẹn.” Bàbá sunkún. Ó ya àwa ọmọ lẹ́nu nígbà tí a gbọ́, nítorí pé a kò rí omi lójú Bàbá rí, àfi èyí tí eruku àjà fà.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Bàbá dìde ní ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìkórè gan-an. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ohun tí mo ní kí a ṣe ni ẹ ṣe. Èmi ni mo pè é ní ihò lẹ́nu, tí mo pè é ní imú lọ́kàn. Ọwọ́ yín kò ṣe àṣìṣe. Ẹnu mi ló ṣe é. Ẹ foríjì mí.” Wọ́n sì yí padà sí Màmá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá láàárín ìjọ. Àwọn àgbà kan sọ pé èyí ti pọ̀ jù. Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, àwọn obìnrin wá. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n mú omi, wọ́n sì ń ha sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú imú kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù wọn ń wá ibi tí ìka tirẹ̀ wà, ó sì ń ṣí i. Bàbá ń gbé omi fún wọn. Ó gba gbogbo Sátidé tí ó kù nínú ọdún náà, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà láti apá ibi kan sí ibòmíràn. Nígbà tí ó kan èyí tí Màmá dí, Màmá fi ọ̀bẹ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Tèmi kì í ṣe umú. Uhò ni, mo sì ti dí i bí ẹ ṣe wí. Yóò wà bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè máa rí i, Ayàwòrán.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò ni ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn ni.

Ní ọdún 2001, Bàbá fi ohun kan kún ilé náà tí kò sí nínú àwòrán àkọ́kọ́. Pèpéle tí ó yí ìta ṣọ́ọ̀ṣì ká, tí ọ̀pọ̀ yín jókòó sí láàárọ̀ yìí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí a ó fi amọ̀ sí ara ilé ìgbàlódé, ohun tí òjò yóò máa jẹ lọ́dọọdún. Bàbá ní ìdí tí àwọn fi fẹ́ amọ̀ gan-an nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí Ìkórè bá ti ń bọ̀, àwọn obìnrin ìjọ a rẹ́ pèpéle náà, wọn a sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọdébìnrin ìjọ ti ń kọ́ ọ báyìí.

Ní ti ìtọ́jú ilé, Bàbá kò fi ṣeré. Lẹ́yìn gbogbo òjò, wọ́n ń kó ewé kúrò ní ojú ọ̀nà omi òrùlé. Wọ́n ń kan igi àjà lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Wọ́n bá àwọn ìjọ ní Ìlawẹ̀ àti Emùré tún òrùlé wọn ṣe, wọ́n sì bá àwọn ará Ùró la ojú àgbàrá tí ó ń wọlé àwọn opó méjì kan. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2000, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan lára ṣọ́ọ̀ṣì yìí, wọ́n kọ́kọ́ ń lọ sọ ọ́ fún Ẹgbẹ́ Ìyá. Wọ́n sì ń bi wọ́n pé, “Kí lẹ gbọ́ pé mo sọ?” Bí ohun tí wọ́n gbọ́ bá yàtọ̀, Bàbá a tún un sọ.

Màmá wa sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta ọdún 2003, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà náà, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń rí i tí Bàbá ń na ọwọ́ sókè bẹ́ǹṣì wọn, tí wọ́n ń fi ìka mẹ́rin tiwọn sí inú ojú ìka mẹ́rin tí ó wà lára sìmẹ́ǹtì náà. Ìka Bàbá tóbi jù ú lọ, kì í wọ̀ ọ́ dáadáa. Wọn a sì jókòó. Nígbà tí ìjọ ń kun ilé ní ọdún 2005, akunlé kan fẹ́ ha ibẹ̀ kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. Bàbá gbé àga síbẹ̀, wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí, wọ́n ń bá ọkùnrin náà tàkúrọ̀sọ nípa òrùlé. Ọkùnrin náà kun àyíká wọn.

Àìsàn dá Bàbá dúbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Àjà ilé ìwòsàn náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì sọ ọ́ fún dókítà. Bí ó ti kù díẹ̀, Fíkà wá gbàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn àdúrà, Fíkà rọra bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí a ṣí imú kan ṣoṣo tí ó kù, kí gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ lè mí tán. Bàbá ní, “Ẹni tó dí i kò tíì ní kí ẹ ṣí i.” Ní ọjọ́ Kejìlá oṣù Kẹrin ọdún 2006, Bàbá lọ bá Màmá.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni àwa ọmọ mẹ́rin, Adédèjì, Tinúọlá, Motọ́láyọ̀ àti Ìkẹ́olúwa, pẹ̀lú àwọn ọkọ àti aya wa. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Iyìolúwa, Adéwọlé, Ẹ̀bùn tí ó ń jẹ́ orúkọ ìyá Bàbá, àti Ọmọ́rìnsọ́lá kékeré, tí ó ti ń bèèrè ìdí tí gbogbo ilé fi ní òrùlé. Ìjọ Bánábà Mímọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti Ìyá Ìjọ wa, Màmá Adéfúnkẹ́, tí wọ́n ní kí a má kọ ọjọ́ orí àwọn sínú ìwé yìí.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni a ní. Bẹ́ǹṣì kan wà ní apá ọ̀tún, lẹ́bàá ògiri, tí atẹ́gùn kì í dé bí i ti ìyókù. Bí ẹ bá gbé ojú sókè níbẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwa ọmọ. Ooru ibẹ̀ kò ní pa wá lára.

Bàbá, ẹ sùn dáadáa. Ẹ bá wa kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé ilé ń mí, pé pèpéle dán, pé a kò fọwọ́ kan ihò wọn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pè yín ní Ayàwòrán. Sùn-ún re o, ọmọ Ìgè, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.